Igun Kẹrin

Àádọ́ta èrò ni mo kó ní Lútọ̀nù,
aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, oṣù Kọkànlá,
yìnyín lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ bí òrí tó dì.
Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi kò pọ̀:
Halifáàsì. Àjọ̀dún. Dúró dè wọ́n di aago márùn-ún.
Àjọ̀dún kí ni? N kò béèrè.
Ẹni tí a ń fi wákàtí sanwó fún kì í béèrè.

Ṣùgbọ́n láti Lẹ́sítà ni wọ́n ti ń gbé e lẹ́yìn mi,
àwọn bàbá tó wọ súwẹ́tà lé jalabíà,
Allāhu, Allāhu, nísàlẹ̀ ọ̀fun,
títí ọ̀pá tí ń nu òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ.
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Mo mọ ohùn yẹn. Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni baba mi ń gbé e
lórí awọ àgbò, ní Ìwó,
tí a ó máa tojú oorun ṣe àmín.

Orí òkè ni wọ́n sin wálíì wọn sí, Pírì Nasíìrì Ṣáà,
tó fi ọdún mọ́kànlélógún da irun àgùntàn sẹ́nu ẹ̀rọ
nílé iṣẹ́ tó ti di ilé olówó báyìí.
Wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ ló fi ń ka orúkọ Ọlọ́run lóru.
Wọ́n ní gbèsè aládùúgbò ló ń fi owó oṣù rẹ̀ san.
Ohun tí wọ́n ní pọ̀.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo tan híítà.
Màmá kan kan gíláàsì: abọ́ sàárà,
ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́, èéfín ń rú. Sùgúrá lorúkọ rẹ̀.
"Dẹ́rẹ́bà, ṣé ìwọ náà ń kírun?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Kí lo wá ń ṣe nínú àpótí irin yìí
nígbà tí ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́?"
Ìgbéyàwó ta ni?
Ó nawọ́ sókè sí sàárè. "Úrúsì la ń pè é.
Ọjọ́ tó kú ni. Ẹni tó ti ń wá látọjọ́ yìí,
ọjọ́ náà ló rí I."

Ìgbéyàwó.
Nílé wa, a máa ń ní àgbà papòdà, a ní ó jẹ́ ìpè.
Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé ó relé ọkọ.
Ọjọ́ tí baba mi lọ, bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ni mo ń wà ní Kófẹ́ńtìrì,
fóònù wà nínú àpò.
Kí n tó rí ìpè mẹ́tàdínlógún, wọ́n ti bo ilẹ̀.
Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìwé ìgbélùú lónìí, owó ilé lọ́la.
Àbúrò mi ní koríko ti dé orókún, kí n fowó ránṣẹ́.
Mo fowó ránṣẹ́.
Owó kì í kúnlẹ̀.

Wọ́n gbé aṣọ náà jáde, àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ wúrà,
ọkùnrin mẹ́rin, igun mẹ́rin.
Atẹ́gùn Yọ́kṣà kò mọ wálíì:
ó já igun kan gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan,
ó nà án lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi.
Mo sọ ṣíbí sílẹ̀. Mo di í mú.
Òjò ti rin ín, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.
Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe gun òkè, òkúta ń yọ̀ lẹ́sẹ̀,
òyìnbó kan tó ń fa ajá ṣí fìlà,
ajá rẹ̀ gbó wa.

Wọ́n ní ká ka Fàtíhà. Mo kà á.
Wálíì, má bínú,
orúkọ tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe tìrẹ.

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú kí gbogbo wọn tó wọlé.
Aró aṣọ náà ti yọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
mo fi di ọwọ́ ọkọ̀ mú títí dé Lútọ̀nù.
Àlùwàlá Iṣáì fọ díẹ̀ lọ.
Ó ku díẹ̀.